Nígbà Tí Bàbá Mi Bọ́ Ìlù Kúrò Lára Orin

Ọdún tí etí bàbá mi ń kú lọ ni mo tó gbọ́ orin. Kí ọdún náà tó dé, mo ti ń jó sí orin dáadáa. Kò sí ọmọ tó dàgbà ní Sango tí kò mọ ijó jó, nítorí àwọn tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kì í sinmi, ilé ọ̀tún ń lu tiwọn, ilé òsì ń lu tiwọn, ìpolówó oníbúrẹ́dì àti ohùn àwọn oníwàásù wà láàárín. Ṣùgbọ́n ijó lọ́tọ̀, kéèyàn gbọ́ orin lọ́tọ̀. Mo wà ní ìwé karùn-ún nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ilé oníyàrá mẹ́wàá là ń gbé, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló la àárín wọn kọjá, àtọ̀sán àtòru ni òkùnkùn sì máa ń wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Yàrá méjì ló jẹ́ tiwa. Bàbá mi àti ìyá mi wà nínú ọ̀kan, èmi àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wà nínú èkejì. Tí mo bá ti jí láàárọ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ ń gbọ́ ni ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà lórí símẹ́ńtì, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi, tí yóò máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, nítorí aṣọ iléèwé ló ń rán, àwọn ọmọ iléèwé kì í sì í tán. Lẹ́yìn náà ni n óò gbọ́ bàtà bàbá mi tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Bàtà onírin ni, ó wúwo, ó sì máa ń wọ́ ọ nílẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ló wọ̀.

Múfútáù ni orúkọ bàbá mi, ṣùgbọ́n Bàbá Rúkà ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí èmi Rúkáyátù ni àkọ́bí rẹ̀. Èmi náà ni ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un. Wàsíù àbúrò mi kú lọ́dún méjì ṣáájú, ibà ni, kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, a kì í sì í dárúkọ rẹ̀ nínú ilé. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin àlòkù ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, ṣíìfù alẹ́ ló sì máa ń ṣe, nídìí ẹ̀rọ tó ń fa irin pupa di ọ̀pá gbọọrọ. Ó ní ariwo ẹ̀rọ náà kì í ṣe ohun tí etí ń gbọ́, eyín ló ń gbọ́ ọ. Òwú ni wọ́n máa ń kì bọ etí. Ní ọjọ́ Sátidé tí kò bá lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń bá ẹgbẹ́ olórin kan lọ sí òde, òun ló ń ta gìtá fún wọn. Iṣẹ́ irin ló ń bọ́ wa, gìtá ló ń bọ́ òun. Tó bá ti ń múra òde lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń fọ èékánná rẹ̀ pẹ̀lú kàn-ìn-kàn-ìn títí gbogbo dúdú irin á fi kúrò níbẹ̀, ìyá mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò ó, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn, mi ò rí i mọ́ lẹ́yìn ọdún tí mò ń sọ yìí.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ fura. Ó kí ọmọ rẹ̀ káàbọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ kọjá lọ láìdáhùn. Ó tún kí i lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi ìgbálẹ̀ dí i lọ́nà. "Múfú, ṣé o ń bá mi jà ni?" Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, ó ní òun ò gbọ́ ni, ariwo ẹ̀rọ ṣì wà létí òun, tó bá yá á lọ. Kò lọ. A bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé aago ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń mọ̀ pé àkókò ìrun ti tó, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa gan-an ni mọ́sáláṣí wà. Ìyá mi á pè é láti inú yàrá, á tún pè é, á wá jáde síta kó lè fọwọ́ kàn án léjìká. Tí a bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu wa ló ń wò. Mo rántí pé mo rò pé eré ni, mo máa ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, màá pe orúkọ rẹ̀ gan-an, Múfútáù, ohun tí ọmọ ò gbọdọ̀ ṣe, màá sì fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín nítorí kò ní yíjú padà. Ìyá mi ká mi mọ́ ọn lọ́jọ́ kan. Kò nà mí. Ó kàn jókòó sórí ibùsùn, ó kó aṣọ tó ń rán sí itan, ó ń wo ilẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, a ń jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin wọn wọlé dé. Ọkùnrin sísanra ni, tó máa ń wọ awò dúdú bí òjò bá tilẹ̀ ṣú. Kò jókòó. Ó ní, "Múfú, má bínú sí mi. Lánàá, a ti parí orin, ìwọ ṣì ń ta tìẹ lọ."

Bàbá mi ní, "Ọ̀gá, ariwo spíkà ló pọ̀ jù."

"Kì í ṣe spíkà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin báyìí. Àwọn ọmọ ti ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ tọ́jú etí ẹ. Tó bá yá, kó o padà wá bá wa."

Ó kí Ìyá Àgbà, ó jáde. Bàbá mi yíjú sí ìyá mi, ó bi í pé, "Ó ní kí n máa lọ, àbí?" Ìyá mi ní, "Ó ní kẹ́ ẹ lọ tọ́jú ara yín ni." Bàbá mi mi orí pé rárá. "Mo rí ẹnu ẹ̀. Ó ní kí n máa lọ."  Ìyá Àgbà wá bó ewé ẹ̀kọ mìíràn, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ó ní, "Jẹun. Ẹni tí wọ́n lé kúrò lóde ṣì nílé." Wọ́n lọ sí ọsibítù ìjọba lọ́sẹ̀ náà, dókítà tan iná wò ó létí, ó ní inú lọ́hùn-ún ló ti bà jẹ́, pé ohun tí ariwo bá ti jẹ tán kì í hù mọ́, kó fi iṣẹ́ irin sílẹ̀ kí ìyókù má báa lọ. Bàbá mi kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo bínú sí i fún èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí èmi náà fi di ẹni tí ọmọ ń dúró dè ní ìparí oṣù.

Gìtá tó ń lò lóde, ti ẹgbẹ́ ni, iná ló ń lò, wọ́n sì ti gbà á padà. Ṣùgbọ́n ó ní onígi kan tó ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù láti ìgbà tó ti wà ní àpọ́n. Ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn tó ti sùn tó jí, tó ku bí wákàtí méjì kó lọ síbi iṣẹ́, ó gbé e sọ̀kalẹ̀, ó nu eruku rẹ̀, ó gbé àpótí kékeré kan lọ sí ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ igi dóńgóyárò. Ó jókòó, ó tẹrí ba, ó sì gbé egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lé orí gìtá náà, bí ẹni tó fẹ́ sùn lé e. Mo bi í léèrè lẹ́yìn náà ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni ohùn ń gbà wọlé báyìí, pé egungun òun ṣì ń gbọ́ ohun tí etí òun ò gbọ́ mọ́. Ó ní kí ìyá mi jọ̀wọ́ dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Ìyá mi dá a dúró. Orin tó kọ́kọ́ kọ lọ́jọ́ náà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, orin ìyìn tí wọ́n fi ń ki olówó kan ni, tí kò sí òde tí wọn kì í ti í lù ú, tí àwọn obìnrin máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí. Àfi bó ṣe bọ́ gbogbo nǹkan kúrò lára rẹ̀. Kò sí ìlù, kò sí fèrè, kò sí agberin, kò tilẹ̀ sí ìyára. Okùn kan á dún, á dúró títí á fi kú, òun náà á wá sọ ìlà kan pẹ̀lú ohùn tí kò ju ti ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ẹní. Ibi tí ìlù máa ń dáhùn sí, ó fi í sílẹ̀ lófìfo. Ó sì yọ orúkọ olówó náà kúrò, kò fi orúkọ kankan dípò rẹ̀, ó kàn dákẹ́ níbẹ̀. Orin ìyìn tí kò lórúkọ nínú, ìgbà náà ni mo gbọ́ pé ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ẹni tó ṣe é ń bẹ olówó pé kó má gbàgbé òun. Bí mo ṣe jó sí i tó, mi ò gbọ́ ìyẹn rí.

Obìnrin kan tó ń gbé ní yàrá tó dojú kọ tiwa jáde síta, ó ń fi omi rẹ ẹ̀wà. Ó ní, "Orin ayẹyẹ rèé, kí ló dé tí Bàbá Rúkà ń kọ ọ́ bí ẹni ń sunkún òkú?" Ìyá Àgbà dá a lóhùn láti orí ẹní rẹ̀, ó ní, "Orin kan náà ni. Ẹ̀yin ni ẹ ò fetí sí i rí." Obìnrin náà kùn, ṣùgbọ́n kò wọlé padà. Láti ọjọ́ náà, ní ọ̀sán méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, ilé wa máa ń pa rọ́rọ́. Ẹni tó ń gún ata á gbé ọmọ odó sílẹ̀. Kì í ṣe pé gbogbo wọn fẹ́ràn rẹ̀, àwọn mìíràn ní ó ń fa ìbànújẹ́ wọlé, pé ilé tí èèyàn ti ń kọrin báyìí kì í rí ire. Ṣùgbọ́n wọ́n dákẹ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí àwọn ò bá dákẹ́ kò ní gbọ́ ara rẹ̀.

Èmi ni mò ń bá a mú okùn gìtá bọ́ sípò. Níbẹ̀rẹ̀ ó ń dá a ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù díẹ̀ kọjá, ohùn àwọn okùn tín-ín-rín sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́, kò gbọ́ wọn mọ́ àní pẹ̀lú egungun. Ó wá kọ́ mi. Ó kọ́ mi ní ohùn okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mo fi lè fi imú kùn wọn lójú oorun. Màá jókòó tì í lórí ilẹ̀, á ta okùn, á máa wo ojú mi. Tó bá ti wálẹ̀ jù, màá na ìka sókè. Tó bá ti lọ sókè jù, màá na ìka sílẹ̀. Tó bá bọ́ sípò, màá mi orí, bẹ́ẹ̀ ni. Kò jẹ́ bọ́ sórí okùn mìíràn kí n tó mi orí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Kò sí àgbàlagbà mìíràn láyé tó ń dúró de orí mi kó tó ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, àwọn ẹgbẹ́ mi ń ta ayò, wọ́n ń fo okùn lójú títì, èmi jókòó sábẹ́ igi, mo ń fetí sí wáyà. Tí mo bá sì dé iléèwé, Títí, ọ̀rẹ́ mi, ọmọbìnrin tí ilé wọn wà ní Ojú-Orè, á bi mí pé, "Ṣé òótọ́ ni pé bàbá ẹ ti di odi?" Màá ní kì í ṣe odi. Á ní, "Adití wá ni?" Àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín.

Orin kan wà tí gbogbo ilé mọ̀, tí wọ́n ń pè ní orin ilẹ̀kùn. Ní òde, ìparí ni wọ́n máa ń lù ú, nígbà tí oúnjẹ ti tán tí gbogbo èèyàn ti mu yó, wọ́n á máa pariwo rẹ̀ tòun tàtẹ́wọ́: *Ẹ má tì í o, ẹ má tilẹ̀kùn, mò ń bọ̀ lọ́nà, ọ̀nà ló jìn.* Àwọn èèyàn rò pé orin ọ̀mùtí ni. Bàbá mi kọ ọ́ ní ọ̀sán kan tí òjò ń ṣú, okùn méjì péré ló lò, ó sì kọ ọ́ lọ́ra dé ibi pé láàárín "mò ń bọ̀ lọ́nà" àti "ọ̀nà ló jìn", èèyàn lè mí lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá mi dìde nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó dúró níwájú bàbá mi kó lè rí ẹnu òun. Ó ní, "Bàbá Rúkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ èyí mọ́." Bàbá mi gbé ọwọ́ lé okùn, gìtá dákẹ́. Ìyá mi ní, "Wọ́n kọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ Wàsíù. Ẹ̀yin gan-an lẹ ta á." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín. Bàbá mi ní, "Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyẹn." Ìyá mi wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, òun fúnra rẹ̀ ló dá ẹ̀rọ dúró, tó lọ jókòó sórí òkúta ìfọṣọ, tó wo bàbá mi lójú, tó sì fi ẹnu sọ láìsí ohùn pé, "Orin ilẹ̀kùn yẹn." Ó kọ ọ́. Ìyá mi sunkún láìdúró, bàbá mi kò dá orin dúró nítorí ẹkún, mo sì wà láàárín wọn, mi ò mọ ẹni tí ó yẹ kí n wò.

Ẹni kan wà tí kì í pa ọjọ́ Àìkú jẹ nílé wa lásìkò náà, Bàbá Tóbi ni, ẹni tí òun àti bàbá mi jọ wà nídìí ẹ̀rọ kan náà. Ìjọ Kérúbù ló ń lọ, tí wọ́n bá ti jáde ìsìn, ilé wa ló ń bọ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, á mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Òun nìkan ló lè bá bàbá mi tàkúrọ̀sọ láìsí wàhálà, nítorí níbi iṣẹ́ wọn kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohùn ẹnìkejì, ẹnu àti ọwọ́ ni gbogbo wọn fi ń sọ̀rọ̀. Wọ́n lè jókòó fún wákàtí kan, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, a ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Orin ilẹ̀kùn yìí ni ó máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ, òun náà á sì di ojú títí bàbá mi á fi parí. Nígbà tí ọyẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, ó jáde níbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù, ó ní àyà ń dun òun díẹ̀, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan létí títì. Ibẹ̀ ló kú sí. Bàbá mi ló gbé orí rẹ̀ lé itan. Ó ní ẹnu ọ̀rẹ́ òun ń mì, ó ń sọ nǹkan, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ti ń gbọ̀n jù, òun ò lè kà á. Bó ṣe ń sọ èyí fún ìyá mi, ó ń tẹ etí ara rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì.

Ìyàwó olóògbé fúnra rẹ̀ ló wá sílé wa. Ó ní àwọn ìjọ á kọrin tiwọn, àwọn mọ̀lẹ́bí á mú olórin wá, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sin ín tán, kí gbogbo èèyàn tó túká, òun fẹ́ kí Bàbá Rúkà dá kọ orin ilẹ̀kùn yẹn, bó ṣe máa ń kọ ọ́ fún ọkọ òun. Bàbá mi ní, "Ìyá Tóbi, etí mi ò dá a mọ́. Mo lè ṣì í kọ." Obìnrin náà ń wò ó ṣáá. Bàbá mi wá yíjú sí mi. Ó ní, "Rúkà á wà pẹ̀lú mi. Tí Rúkà bá ní ó dáa, ó dáa." Orí mi wú. Ìyá Àgbà fi kún un, ó fi oríkì mi pè mí, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́ mi, o gbọ́ àbí? Ojú kì í ti ẹni tó bá ní ọmọ." Mo kúnlẹ̀, mo ní mo gbọ́.

Ojú-Orè ni ilé Bàbá Tóbi, ilé Títí ọ̀rẹ́ mi ló sì dojú kọ ọ́. Mi ò ronú kan ìyẹn títí a fi débẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé náà. Wọ́n ta àtíbàbà sójú títì, àga kún ibẹ̀, àwọn ará ibi iṣẹ́ wọn wà níbẹ̀, àwọn aláṣọ funfun wà níbẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé wa tó ń gbé ládùúgbò náà sì tò sórí fẹ́ǹsì. Títí ló kọ́kọ́ rí mi. Ó fà mí lọ́wọ́, ó ní kí n wá jókòó ti àwọn lẹ́yìn, kí ni mo fẹ́ ṣe láàárín àwọn àgbà. Mo tẹ̀lé e. Nílé, a ti mú gbogbo okùn bọ́ sípò, ṣùgbọ́n bàbá mi ti sọ fún mi pé oòrùn àti ọyẹ́ máa ń tú u, pé kó tó bẹ̀rẹ̀ a tún gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, pé kí n jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ òun gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe. Wọ́n pè é. Ó jókòó sórí àga kan níwájú, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé gìtá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi kiri. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó wo ẹ̀gbẹ́ òsì. Gbogbo èèyàn ń dúró. Títí sọ ọ́ sí mi létí pé, "Kí ni bàbá ẹ ń wá?"  Ojú bàbá mi wá bá tèmi lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ó ta okùn àkọ́kọ́, ó gbé ojú sókè sí mi. Mo mi orí. Ó ta èkejì. Ó ti tú, ó ti wálẹ̀ gan-an, ẹni tí kò mọ gìtá pàápàá á gbọ́ ọ. Ó ń wò mí. Bí mo bá na ìka sókè, àwọn ọmọ orí fẹ́ǹsì á rí i, wọ́n á béèrè ohun tí mò ń ṣe, á sì pẹ́, bàbá mi á ní kí n máa bọ̀ níwájú, n óò sì jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ adití lójú gbogbo wọn. Mo mi orí. Bẹ́ẹ̀ ni, ó dáa.

Ó kọrin. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n gìtá ń fà á wálẹ̀, egungun rẹ̀ ń gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tó ń dún, kò sì mọ èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáko láàárín méjèèjì bí ẹni tó ń fọwọ́ tọ́ ògiri nínú òkùnkùn. Ìlà kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn àgbà tẹ ojú mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin tí bàbá mi wà tẹ́lẹ̀ dìde, ó rìn jáde kúrò lábẹ́ àtíbàbà, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí àánú. Lórí fẹ́ǹsì, ẹ̀rín ni. Títí náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbá mi lápá pé kí n bá òun rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èyí ni mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìyá mi, tó jókòó láàárín àwọn obìnrin, yíjú padà, ó wá mi rí, ó sì wò mí bẹ́ẹ̀ títí orin náà fi tán. Bàbá mi kò já a. Ó kọ gbogbo ẹsẹ rẹ̀ láìfo ọ̀kan, ó dìde, ó tẹrí ba fún Ìyá Tóbi. Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà sí Sango, ó bi ìyá mi pé, "Ṣé ó dáa?" Ìyá mi ní, "Ó dáa." Ó wo ẹnu rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò bi èmi. Lọ́jọ́ kejì, ó fi aṣọ di gìtá náà, ó gbé e lọ fún Tóbi, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú, ó padà wálé lọ́wọ́ òfo, ó sùn, ó sì lọ síbi iṣẹ́. Kò kọrin mọ́. Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù fún un nínú etí náà ti lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi wá ń dún láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìdúró, ata ń dún nínú odó, obìnrin tó ní orin bàbá mi dà bí ẹkún òkú wá bi ìyá mi léèrè lọ́sàn-án ọjọ́ kan ìgbà tí á tún kọ ọ́. Ìyá Àgbà náà béèrè títí, "Kí ló ṣe Múfú tí kò kọrin mọ́?" Èmi tí mo mọ̀ wà lórí ẹní kan náà pẹ̀lú rẹ̀, mo ń díbọ́n pé mo ti sùn. Ìyá mi kò bi mí ní ohunkóhun. Ó kú láìbi mí.

Mo ti dàgbà ju bí bàbá mi ṣe dàgbà nígbà náà lọ. Ó ṣì wà ní Sango, nínú yàrá méjì kan náà, Ìyá Àgbà ti lọ, ìyá mi ti lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dákẹ́ fún un lábẹ́ igi ti kó lọ. Fóònù ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ báyìí, màá kọ ọ̀rọ̀ mi sójú rẹ̀ gàdàgbà, á gbé e jìnnà sójú, á kà á, á sì fi ẹnu dáhùn, pẹ̀lú ohùn líle tí kò mọ bí òun ṣe ń pariwo tó. Mo bi í rí bóyá ó ṣì ń gbọ́ orin nínú ara rẹ̀. Ó ní níbẹ̀rẹ̀ òun ń gbọ́ ọ, pé gbogbo rẹ̀ ni, tòun tìlù. Lẹ́yìn náà ó ku gìtá. Lẹ́yìn náà ó ku ohùn. Ó ní ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí tí ohùn náà ti lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ló kù, bí ìgbà tí èèyàn ń ka lẹ́tà.

Nígbà òjò tó kọjá yìí, mo lọ kí i, a jọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo sì kọ ọ̀rọ̀ kan sórí fóònù. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Mo ní, bàbá mi, lọ́jọ́ tí ẹ kọrin fún Bàbá Tóbi, mo mọ̀ pé okùn kejì ti tú, mo mi orí fún yín, irọ́ ni mo pa. Mo gbé fóònù fún un. Ó kà á pẹ́, ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà á.

Ó ní, "Mo mọ̀. Kí n tó dé ìlà kejì ni mo ti mọ̀. Okùn tó bá tú máa ń rọ̀ lábẹ́ ìka."

Mo gba fóònù, mo kọ ọ́ pé, kí ló dé tí ẹ ò dúró kẹ́ ẹ fà á le?

Ó ní, "Tí mo bá dúró, gbogbo wọn á yíjú wo ẹni tó ní kí n máa kọ ọ́ lọ." Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀. "Etí mi ló kú, ojú mi ò kú, Rúkà. Mo rí ibi tó o jókòó sí. Mo rí àwọn ọmọ yẹn. Ìgbà yẹn ni mo sọ nínú ara mi pé, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo sọ di etí yìí. Ẹrù yẹn ti wúwo jù. Mo wá gbé gìtá náà fún Tóbi."

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo rò pé ìtìjú ló pa orin lẹ́nu rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé nítorí mi ló ṣe fi í sílẹ̀. Mo kọ ọ́ pé, ẹ má bínú. Ó kà á, ó gbé fóònù náà padà lé mi lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ rẹ̀ pa ọwọ́ mi dé. Ọwọ́ náà le bí pákó, ìka rẹ̀ kò sì mì. Òjò túbọ̀ ń le lórí páànù, ó ń pariwo gan-an dé ibi pé èmi náà kò gbọ́ ẹkún ara mi.